Ọkùnrin Tí Omi Ìlú Wà Lábẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì má tíì rẹ́rìn-ín o, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kí ènìyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí òun kò bá tíì pàṣẹ ẹ̀rín. Ọ̀gá Àgbà ni ní iléeṣẹ́ omi ìlú kan. Orúkọ rẹ̀ gùn, àwọn oyè tó wà níwájú orúkọ náà sì gùn jù ú lọ, débi pé nígbà tí ẹni tó ń kun pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kọ oyè tán, àfi kí ó kọ orúkọ sára ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kẹ́yìn sí àwọn òṣìṣẹ́, Ọ̀gá Èmi-Ni ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá tún páìpù tó bẹ́ ṣe, èmi ni mo ṣe é. Bí òjò bá rọ̀ tí odò kún, èmi ni. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ lẹ́yìn ìkùukùu ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó dúró lójú fèrèsé, ó gbójú sókè, ó mi orí, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," àfi bí ẹni pé oòrùn ló wá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú iléeṣẹ́ yẹn, kò sí ohun tó gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pàṣẹ. Fáànù pàápàá kò gbọdọ̀ yí. Àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó sínú ooru láàárọ̀, òógùn á máa ro lára wọn, wọn á máa wo fáànù, fáànù á máa wò wọ́n, títí ọkọ̀ Ọ̀gá yóò fi wọ inú ọgbà. Á gun àtẹ̀gùn ní ìrọ̀rùn rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Kí iṣẹ́ ó bẹ̀rẹ̀!" Wọn á pàtẹ́wọ́, nígbà náà ni fáànù yóò tó yí. Ẹni tó máa ń pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù lọ ni Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti tẹríba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ọ̀gá Èmi-Ni ń wá láyé. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ omi ti darúgbó, ó ti fipò sílẹ̀, àga rẹ̀ sì ṣófo. Gbogbo ìlú mọ̀ pé Olórí Ìjọba ń wá ẹni tí yóò fi síbẹ̀. Ọ̀gá wa ti rán kóòtù tí yóò wọ̀ lọ búra. Ó ti ń fi ohùn Mínísítà dá àwọn ọmọ rẹ̀ lóhùn nílé. Bí ó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, á búra fún dígí, á sì dúró díẹ̀ kí dígí lè kí i kú oríire. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ìwà tí ẹ máa rí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, àga yẹn ló ń wò tó fi ń hù ú.

Ìṣòro iléeṣẹ́ náà kò tilẹ̀ le. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nínú yàrá tútù nísàlẹ̀, òun ló ń darí omi. Ètò kan nínú rẹ̀ ń tan pọ́ǹpù, òmíràn ń wo bí omi ṣe kún tó nínú táńkì, òmíràn ń pín omi káàkiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́jú báyìí, gbogbo ètò náà á ṣubú lulẹ̀, ìlú á sì gbẹ títí ẹnìkan yóò fi dé láti gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnjiníà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yìí, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, gbé ìmọ̀ràn wá sí ìpàdé.

"Wàhálà yẹn ti fẹ́ tán, sà," ló wí. "Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Alámòójútó. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àwọn tó kù. Èyí tó bá ṣubú nínú wọn, á gbé e dìde. A máa fi í sínú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Bí iná bá ṣe ń dé, tí ẹ̀rọ ń jí, òun náà á jí, á máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ lábẹ́nú. Kò ní dúró de ẹnì kankan. Ẹ lè wà nílé, ẹ lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi á máa yọ."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ rò pé ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, àbí? Ẹ ò tíì mọ Ọ̀gá Èmi-Ni.

"Dúró ná," ni Ọ̀gá wí. "O ní kò ní dúró de ẹnì kankan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò ní dúró de èmi?"

"Kò nílò yín rárá, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ká ní obìnrin yìí bú ìyá rẹ̀ ni, bóyá ìbá dárí jì í. Ó dìde dúró, gbogbo ìpàdé sì dìde, nítorí òfin ni pé bí ó bá dìde, kí àga gbogbo ènìyàn ṣófo.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi ọ̀wọ́n," ló bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ohùn rẹ̀ gun òkè, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nítorí ọ̀tá, n kò mọ̀ pé ọ̀tá lè gba inú wáyà wọlé! Ohun kan yóò máa ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, lábẹ́nú, láìkí mi, láìbi mí, láìmọ̀ bóyá mo jí tàbí n kò jí? Kí la ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ọ̀tẹ̀ ni! Omi! Omi tí ọmọdé fi ń wẹ̀, tí àgbà fi ń gbé oògùn mì, kí ó máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń bu ún má sì mọ ẹni tó yẹ kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Láyé mi, kò ní ṣẹlẹ̀!"

"Kò ní ṣẹlẹ̀ láyé yín, sà!" ni Akọ̀wé fi igbe ta. "Kò sì ní ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín, torí ẹ̀yin ò lẹ́yìn, sà!"

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wá gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Alámòójútó yóò wà, ó ní, nítorí òun kì í ṣe ọ̀tá ìlọsíwájú. Ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ òun ni yóò wà. Ìgbà tí òun bá jókòó sí tábìlì òun láàárọ̀, tí òun fi ọ̀rọ̀ aṣínà òun wọlé sórí ẹ̀rọ, ni yóò tó jí. Á jí, á bá òun níwájú, á mọ ọ̀gá rẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ni Ẹnjiníà wí. "Tó bá wà lábẹ́ orúkọ yín, bí ẹ bá ṣe ń jáde lórí ẹ̀rọ, òun náà kú nìyẹn. Gbogbo ètò tó ń ṣọ́ á sì bá a kú. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ kàn gbàgbé láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀, ó máa tì yín síta fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ pàṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tẹ́ ẹ ká àwọn ará akáǹtì mọ́bi tí wọ́n ti ń ṣeré káàdì lórí kọ̀ǹpútà."

"Èmi kì í gbàgbé," ni Ọ̀gá dáhùn. "Gbọ́ dáadáa o, Ẹnjiníà. Bí mo ṣe wí ni kí o ṣe é. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí o bá tún fọwọ́ kan ètò yẹn láìjẹ́ pé mo ní kí o fọwọ́ kàn án, mú báàgì rẹ, kí o sì máa lọ sílé."

Obìnrin náà ní ọmọ níléèwé, ó sì ní bàbá arúgbó tó ń tọ́jú. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe wí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ má bá a wí. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni tí yóò bọ́ ló ń rọrùn fún láti ṣe akin lójoojúmọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Ọ̀gá jókòó, ó fi ìnujú bo bọ́tìnnì kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, Alámòójútó jí, pọ́ǹpù bú ramúramù, omi sì ya kiri ìlú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta wọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá jáde lórí ẹ̀rọ, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé oríta, gbogbo ẹ̀rọ omi ìlú ti húkọ́, wọ́n sì ti gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí àgbà ilé ìwòsàn aláboyún ló kọ́kọ́ dé ẹnu géètì. Obìnrin títóbi kan ni, ọṣẹ sì ti gbẹ mọ́ ọn lápá dé ìgúnpá.

"Ẹ̀yin lọ̀gá omi?" ló bi Ọ̀gá bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o. Mò ń gbẹ̀bí lọ́wọ́ lánàá, omi lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi kan, ọṣẹ wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ mọ ohun tí mo fi wẹ ọmọ ọlọ́mọ? Omi inú kẹ́tùlù tíì! Ìyá ọmọ ń bi mí pé, 'Mọ̀mí, ṣé kò gbóná jù?' Ojú tì mí! Ogójì ọdún ni mo ti ń gbẹ̀bí, n ò fi kẹ́tùlù tíì wẹ ọmọ rí!"

Àyà Ọ̀gá já. Kì í ṣe nítorí ọmọ yẹn, ẹ má ṣì í rò. Àga Mínísítà ló sáré wá sí i lọ́kàn. Bí ẹjọ́ yìí bá dé etí Olórí Ìjọba, a jẹ́ pé ó tán nìyẹn. Ó ní àwọn yóò wo ọ̀rọ̀ náà, ó sá gun òkè lọ, ó ti ìlẹ̀kùn, òógùn sì bò ó. Ó ti fẹ́ ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà. Mo búra fún yín, ẹnu rẹ̀ ti là láti pè é. Ká ní ó pè é ni, ìtàn mi ì bá tán síbí, òun náà ì bá sì jẹ́ Mínísítà títí di òní.

Ṣùgbọ́n Akọ̀wé wọlé, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

"Sà, ẹ kú oríire!"

"Oríire kí ni? O ò rí obìnrin ọlọ́ṣẹ níta?"

"Mo rí i, sà! Ẹ ò wá rí i bí? Ẹ lọ, omi lọ. Ẹ dé, omi dé. Àwọn ọ̀gá tó kù ń lọ sílé, nǹkan kan kì í ṣe. Tiyín ńkọ́? Odindi ìlú ló gbẹ! Bí Olórí Ìjọba bá gbọ́ pé ẹnìkan wà tó jẹ́ pé bó ṣe dìde lórí àga báyìí, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n lára, ta ni wọ́n tún fẹ́ máa wá kiri?"

 Ẹ wo bí ìwà òmùgọ̀ ṣe ń wọ inú ènìyàn: ojú Ọ̀gá kọ́kọ́ fẹ̀, ẹ̀rín wá yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àbùkù ti di ẹ̀bùn. Ohun tó yẹ kí ó tijú rẹ̀ ló gbà mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di eré. Ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi kékeré kan àti àwokòtò kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀. Bí àlejò bá dé, á ní kí wọ́n ṣí i, omi á máa dà. "Ẹ máa wò mí o," á wí. Á jáde lórí kọ̀ǹpútà. Omi á húkọ́, á kán tó, á dáwọ́ dúró. Àlejò á ní, "Háà!" Á tún wọlé sórí kọ̀ǹpútà, omi á tún bẹ̀rẹ̀. Àlejò á pàtẹ́wọ́. Àwọn oníṣòwò wá wò ó, àwọn ọ̀rẹ́ oníṣòwò wá, aya ọ̀rẹ́ oníṣòwò tún wá pẹ̀lú ìbátan rẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ pé "háà" nínú ọ́fíìsì yẹn, alágbàfọ̀ kan wà níbì kan tí omi gé mọ́ lọ́wọ́, ẹnìkan fi ọṣẹ sójú tí kò rí omi ṣan án, agbẹ̀bí àgbà sì tún ń na ọwọ́ sí kẹ́tùlù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí omi kò lè yọ láìsí rẹ̀, kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Bí ó bá lọ sílé báyìí, ìlú á gbẹ, àwọn ènìyàn á pariwo, ariwo náà á sì lè dé ibi tí àga Mínísítà wà. Nítorí náà, Ọ̀gá kò lọ sílé mọ́. Wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì wá sí ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ló ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún lórí ṣíbí, ọwọ́ òsì lórí máòsì, nítorí bí ó bá gbàgbé láti mi máòsì, ẹ̀rọ á tì í síta. Ó fi okùn so máòsì mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa mì í bí ó bá ń yí lójú oorun. Ẹ lè rẹ́rìn-ín wàyí. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín.

Nígbà kan tí ìgbọ̀nsẹ̀ mú un, ó fi Akọ̀wé jókòó ti máòsì, ó sì fún un ní oyè lójú ẹsẹ̀: Igbákejì Ọ̀gá Àgbà lórí Ọ̀rọ̀ Máòsì. Ó padà dé, ó bá Akọ̀wé lórí àga, ẹ̀yìn rẹ̀ tí kì í nà ti nà gbọnrangandan, ó ń wo ẹ̀rọ omi tó ń dà, ó sì ń mi orí pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ọ̀gá gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá mú un, àfi kí ó fara dà á tàbí kí ó sáré.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tan án jẹ. Ara rẹ̀ ń yún un, ó lọ sílé láti wẹ̀. Ó bọ́ṣọ, ó fi ọṣẹ kun ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ igbe, ó sáré dé, ó sì bá Orísun Omi Ìlú nínú bálùwẹ̀, ó funfun láti òkè délẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ.

"Dádì," ni ìyàwó wí, "ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin lẹ ń pèsè omi. Ẹ sì wà níbí."

Aṣọ gbígbẹ ló fi nu ọṣẹ kúrò. Ó wọ aṣọ lé ìyókù, ó sì sáré padà síbi iṣẹ́.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gboyè ní yunifásítì, ìyàwó pè é lórí fóònù.

"Dádì, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín ń bèèrè yín."

"Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ń fún ìlú lómi."

"Mo ti sọ fún un. Ó ní àwọn bàbá tó kù ńkọ́, ṣé àwọn ò ní iṣẹ́ ni?"

"Àwọn yẹn kì í ṣe èmi. Fara dà á. Bí mo bá ti di Mínísítà báyìí, gbogbo rẹ̀ á yanjú."

"Ó dáa. Mo ti gbé fọ́tò yín sórí àga yín. Ẹni tó jókòó tì í ní ó mà jọ yín o."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn dé pé Olórí Ìjọba ń bọ̀ wá wo iléeṣẹ́ omi. Ẹnjiníà tún gòkè wá. Ó wo Ọ̀gá, ó rí ojú tó ti wọnú àti ẹsẹ̀ tí okùn máòsì ti dá àpá sí, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀.

"Sà, ẹ jẹ́ n tún un ṣe kí wọ́n tó dé. Kí tíì yín tó tutù, mo ti ṣe tán. Ẹ máa lọ sílé lọ sùn."

"Kí o sọ mí di ẹni tí omi kò mọ̀, nígbà tí Olórí Ìjọba ń bọ̀ lọ́nà?" Ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Ẹnjiníà, o kàwé, ṣùgbọ́n o kò gbọ́n."

Olórí Ìjọba dé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Obìnrin ni, kì í pẹ́ níbi kankan, kì í sì í rẹ́rìn-ín níbi tí kò bá sí ohun ẹ̀rín. Ọ̀gá Èmi-Ni ti wọ kóòtù ìbúra rẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi kékeré, omi ń dà sínú àwokòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Olórí wa tí kò lẹ́gbẹ́! Àwọn kan ń ṣe ọ̀gá lórí ènìyàn. Ìyẹn rọrùn, ènìyàn létí. Èmi, omi ni mò ń ṣe ọ̀gá lé lórí! Omi kò létí, ó ń gbọ́ tèmi. Omi kò lójú, ó mọ ìgbà tí mo dìde. Ẹ wòran!"

Ó jáde lórí kọ̀ǹpútà. Omi húkọ́, ó dáwọ́ dúró.

"Gbogbo ìlú ti gbẹ, Ma!"

Ó tún wọlé. Omi tún dà. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, àyàfi Ẹnjiníà tó dúró sẹ́bàá ògiri, àti Olórí Ìjọba fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó yé mi," ni Olórí Ìjọba wí. "Bí ẹ bá kúrò lórí àga yìí, omi lọ?"

"Pátápátá, Ma!"

"Bí ẹ bá rìnrìn àjò ńkọ́?"

"Táútáú ni gbogbo rẹ̀ á gbẹ, Ma!"

"Kò sẹ́lòmíràn tó lè dípò yín?"

"Kò sí, Ma! Wọn ò tíì bí i!"

Olórí Ìjọba mí kanlẹ̀. "Ó mà dùn mí o. Ẹ̀yin ni mo ti pinnu láti fi ṣe Mínísítà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mínísítà ò lè jókòó síbì kan. Ìpàdé lónìí, ìrìn àjò lọ́la. N ò lè torí pé mò ń wá Mínísítà kí n fi òùngbẹ pa odindi ìlú. Ẹ máa jókòó síbẹ̀, ẹ ṣeun. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ojú ọ̀nà ni mo máa fi síbẹ̀."

Ó dìde. Ọ̀gá Èmi-Ni náà fò dìde, ó sì na ọwọ́ láti dá a dúró. 

"Ma... Ma, ẹ dúró ná. Kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn... mo kàn fi iyọ̀ díẹ̀ sí i ni. Ẹnjiníà! Ẹnjiníà dà? Wá ṣe nǹkan tí o fẹ́ ṣe níjọ́sí!"

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ dáadáa, sà," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ ní tí mo bá fọwọ́ kàn án, kí n mú báàgì mi."

"Fọwọ́ kàn án! Mo ní kí o fọwọ́ kàn án!"

Ẹ̀rọ kì í yọ nǹkan kúrò lábẹ́ orúkọ ènìyàn kí ó má tún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà onítọ̀hún. Ọ̀gá fi ìkánjú na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tún kọ̀.

"Ẹ pè é sókè, sà, n máa bá yín tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá sọ nǹkan kan sínú kọ́là aṣọ rẹ̀.

"N ò gbọ́, sà."

"Mínísítà Ọ̀la," ló wí.

"Sà?"

"MÍNÍSÍTÀ Ọ̀LA!"

Àwọn ènìyàn Olórí Ìjọba ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn hú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Ẹnjiníà tẹ̀ ẹ́, ó yọ Alámòójútó kúrò lábẹ́ orúkọ Ọ̀gá, ó fi í lé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Tíì tó wà lórí tábìlì ṣì ń rú èéfín nígbà tó ní òun ti ṣe tán.

"Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ náà pátá," ni Olórí Ìjọba wí, "kí gbogbo wa jáde sínú ọgbà. Kí ẹnikẹ́ni má kù sínú ọ́fíìsì yìí."

Wọ́n dúró yí ẹ̀rọ omi tí àwọn olùtọ́jú ọgbà fi ń fọ ọwọ́ ká. Wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà ńlá náà nísàlẹ̀, wọ́n sì tún tan iná rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé sórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Ẹ̀rọ jí, Alámòójútó jí tẹ̀lé e, ó gbé àwọn ètò yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ omi húkọ́, ó tu afẹ́fẹ́ jáde, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ayọ̀ Ọ̀gá Èmi-Ni kò láfiwé. Ó ń fò sókè bí ọmọdé.

"Ẹ wò ó, Ma! Omi kò nílò mi mọ́! Mo lè jẹ Mínísítà wàyí!"

"Mo rí i," ni Olórí Ìjọba dáhùn. "Ìgbà wo ló wá nílò yín?"

 Olórí Ìjọba kọjú sí Ẹnjiníà. "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n ṣe é báyìí?"

"Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni, Ma. Ní ìpàdé, níwájú gbogbo wa."

"Nígbà tí wọ́n bá ń fi omi ṣeré níbí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn?"

"Kẹ́tùlù tíì ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun, Ma."

Olórí Ìjọba ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.  Olórí Ìjọba wo Ọ̀gá láti orí kóòtù rẹ̀ dé bàtà.

"Mínísítà kọ́ o," ló wí. "Ọ̀gá àgbà náà kọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Ọ̀gá yíjú wá Akọ̀wé rẹ̀. Akọ̀wé ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́, ó ti lọ dúró sẹ́yìn Ẹnjiníà, ó sì ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan.

"Mo ti ń sọ ọ́, Ma! Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́!"

"Ọ̀gbẹ́ni," ni Ẹnjiníà wí láìbojú wẹ̀yìn, "ẹ yéé pàtẹ́wọ́ sí mi létí."

Ọ̀sán ni Ọ̀gá dé ilé. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná, ó ń fọ àwo, omi sì ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó mọ́, ó sì ń dún. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Láti ìgbà tí omi ìlú ti wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kò tíì rí i kí ó yọ nílé tirẹ̀.

"Ẹ ti dé?" ni ìyàwó wí. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ omi, ó tún wo ọkọ rẹ̀. "Ta ló wá ń ṣọ́ omi?"

"Kò sẹ́ni," ni ọkùnrin náà dáhùn.

"Kò sẹ́ni rárá?"

"Kò sẹ́ni rárá."

Ìyàwó fọ àwo ọwọ́ rẹ̀ tán.

"Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ látijọ́, Dádì," ló wí, ó sì fún un ní àwo kan kí ó bá òun ṣan án.